Ó Ń Dán, Kò Tẹ́jú

"Wákàtí mélòó lẹ fún un?"

Bàbá kan ló bi mí ní ìbéèrè yìí ní Apo, lọ́jọ́ kan nínú oṣù kìíní tí ọyẹ́ bo gbogbo Àbújá débi pé èèyàn ò lè rí àpáta Aso lókèèrè. Ó ti lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà báyìí. Bàbá kò sọ ọ́ bí ẹni tó ń báni wí o. Ojú rẹ̀ ò tiẹ̀ sí lára mi. Ó bẹ̀rẹ̀ sórí ẹ́ńjìnnì mọ́tò mi, ó ń fi àkísà nu ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo dáhùn wéré pé, "Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ọ̀rọ̀ wákàtí kọ́. Ọmọ tó kọ́kọ́ tún un ṣe yẹn ò mọ iṣẹ́ ni." Bàbá ní, "Ẹn-ẹ́n," ó sì ń bá tirẹ̀ lọ.

Ẹn-ẹ́n yẹn ni kò jẹ́ kí n gbádùn. Iṣẹ́ oúnjẹ ni mò ń ṣe ní Kubwa. Mọ́ínmọ́ín ló gbé orúkọ mi jáde, ìdájí ni mo sì máa ń jí bó ẹ̀wà. Bí ọwọ́ mi bá ti wà nínú omi, tí gbogbo ilé dákẹ́, ìgbà yẹn gan-an ni ìbéèrè bàbá máa ń yọjú. Mo ti fi àwíjàre lé e títí, kò lọ. Ẹ jẹ́ kí n kúkú kọ ọ́ sílẹ̀, bóyá yóò jẹ́ kí n bó ẹ̀wà mi ní ìrọ̀rùn.

## Ọ́ìlì tó di ògì

Camry ni mọ́tò mi, irú èyí tí àwọn èèyàn ń pè ní Pencil Light, tó ní sìlíńdà mẹ́rin. Òun ló ń gbé kúlà oúnjẹ mi kiri. Ní ìparí oṣù kọkànlá, ó gbóná mọ́ mi lọ́wọ́ láàárín Kubwa sí Gwarinpa títí ọwọ́ géèjì fi kan òkè. Ohun tí kò yẹ kí n ṣe ni mo ṣe: mo ní kí n ṣáà dé òde ná. Mo dé òde lóòótọ́. Nígbà tí mo fẹ́ padà sílé, èéfín funfun ń tú jáde nídìí mọ́tò bí ìgbà tí wọ́n bá ń sun ewé tútù. Mo ṣí ìdérí ọ́ìlì, ohun tí mo bá lábẹ́ rẹ̀ dà bí ògì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sẹ́. Àkàrà ló kù.

Ẹni tó bá ti wa mọ́tò pẹ́ ní ìlú yìí ti mọ ìyókù. Tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì, ìyẹn pẹlẹbẹ tó wà láàárín orí ẹ́ńjìnnì àti ara rẹ̀, ti jó, omi àti ọ́ìlì tí kò yẹ kí wọ́n fojú kan ara wọn ti ń jẹ nínú abọ́ kan náà.

Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń tún mọ́tò ṣe nítòsí wa. N ò ní dárúkọ rẹ̀, n ò sì ní sọ ibi tó wà. Lọ́jọ́ kejì, kó tó dá orí ẹ́ńjìnnì padà, ó pè mí kí n wá wò ó. Ojú bulọ́ọ̀kù, ìyẹn ara ẹ́ńjìnnì, àti ìsàlẹ̀ tọ́ọ̀pù sìlíńdà, ìyẹn orí rẹ̀, ń dán bí ìkòkò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rà lọ́jà. Ó ti ki díìsìkì kékeré kan tó dà bíi sáńpépà bọ ẹnu dírílì, ó sì ti fi yí gbogbo rẹ̀ ká. Mo pàtẹ́wọ́. Mo ní, "Iṣẹ́ ọwọ́ ẹ á máa jẹ́ ẹ!" Ìyẹn nìkan kọ́, mo tún fi ẹgbẹ̀rún méjì náírà lé owó iṣẹ́ rẹ̀. Ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, mo ti wa mọ́tò mi lọ.

Ó gbé mi já gbogbo òde oṣù kejìlá. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì ọdún tuntun, ògì tún dé. Lọ́tẹ̀ yìí ìró kan tún wà nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì tí kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Kò pariwo, ó kàn ń kàn tí-tí-tí bí ẹni tó ń fi èékánná kan ilẹ̀kùn.

## Rúlà irin àti iná tọ́ọ̀ṣì

Ẹnì kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ló júwe bàbá yìí fún mi. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, bí ọ̀pọ̀ àwọn tó ti gbé Òkè Ọya tipẹ́. Ó ti ṣiṣẹ́ káàkiri kó tó wá fìdí kalẹ̀ sí Apo, níbi tí àwọn mẹkáníìkì pọ̀ sí. Ọmọ Gbàgyí ni ọ̀kan nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, bó bá sì ń sọ̀rọ̀, ẹ ó rò pé inú ọjà Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n bí i sí.

Wọ́n fa mọ́tò mi dé ibẹ̀ ní nǹkan bí aago mọ́kànlá. Bàbá kò ṣí i. Mo jókòó títí. Afẹ́fẹ́ ọyẹ́ ń gbé eruku Sàhárà bọ̀, ó ń dà á sórí gbogbo nǹkan, àní bí ẹ bá fi abọ́ omi sílẹ̀ díẹ̀, ẹ ó rí ìpara lórí rẹ̀. Bàbá ní ẹni tó bá ṣí ikùn ẹ́ńjìnnì nínú irú eruku yìí, iyanrìn ló ń gbìn síbẹ̀. Ó dúró di ìrọ̀lẹ́ tí afẹ́fẹ́ rọlẹ̀. Ó ní kí àwọn ọmọ wọ́n omi sílẹ̀ yí mọ́tò ká, kí wọ́n sì na bẹ́ẹ̀dìṣíìtì tó tutù sí ẹ̀gbẹ́ tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé. Inú ń bí mi. Mo ní ẹ̀wà nínú omi nílé. Mo wí fún un pé mo ń kánjú o. Ó ní, "Ìyá Mọ́ínmọ́ín, bó bá jẹ́ ìkánjú ni, ọ̀nà Kubwa ò tíì dí."

Nígbà tí wọ́n gbé orí ẹ́ńjìnnì kúrò, tí wọ́n nu ògì ara rẹ̀ nù, ó ṣì ń dán. Mo tiẹ̀ sọ ọ́ jáde: "Ojú rẹ̀ ṣì mọ́, àbí?" Bàbá kò fèsì. Ó ní kí ọmọ iṣẹ́ gbé fílà wá. Mo wo orí bàbá, fìlà ṣáà wà níbẹ̀. Àṣé ohun mìíràn ni. Ìdì irin pẹlẹbẹ kékeré ni ọmọ náà gbé dé, ó ń ṣí bí abẹ̀bẹ̀, ọ̀kan fẹ́lẹ́ ju èkejì lọ, wọ́n sì kọ nọ́ńbà sí ọ̀kọ̀ọ̀kan lára. Fílà géèjì ni wọ́n ń pè é. Lẹ́yìn náà, ó yọ rúlà irin gígùn kan nínú aṣọ tó fi wé e bí ẹni yọ Bíbélì.

Ó dojú tọ́ọ̀pù sìlíńdà sókè lórí tábìlì. Ó gbé ẹ̀gbẹ́ rúlà lé e, ó tan tọ́ọ̀ṣì sẹ́yìn rúlà náà, ó ní, "Ẹ bẹ̀rẹ̀, ẹ wò ó."

Mo bẹ̀rẹ̀, mo wò ó. Níbi púpọ̀, òkùnkùn ni lábẹ́ rúlà, irin pàdé irin. Ṣùgbọ́n láàárín ihò kejì àti ìkẹta, ìmọ́lẹ̀ ń yọ. Ó tín-ín-rín bí òwú, bí ìmọ́lẹ̀ tí ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé lóru. Bàbá mú ewé fílà tí wọ́n kọ 0.05 sí, ó tì í sábẹ́ rúlà níbẹ̀. Ó wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́. Ó mú 0.10. Ìyẹn náà wọlé. Mìlímítà ni wọ́n fi ń kà á. Ìwé tí a fi ń tẹ̀wé ní ọ́fíìsì nípọn tó nǹkan bí ìdámẹ́wàá mìlímítà kan, ààlà tí àwọn tó ṣe ẹ́ńjìnnì yìí sì fún un kò ju ìdajì ìwé yẹn lọ.

"Ó ń dán," bàbá ní. "Kò tẹ́jú."

Mo tún bẹ̀rẹ̀, mo tún wò ó. Ohun tó dùn mí jù ni pé ibi tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà yọ ni ibi tó dán jù lọ. Bàbá ṣàlàyé rẹ̀ fún mi bí ẹní ń kọ́ ọmọ iṣẹ́: díìsìkì ò mọ òkè, kò mọ ìsàlẹ̀. Rọ́bà ni ẹ̀yìn rẹ̀, ibi tí ọwọ́ bá tẹ̀ ẹ́ sí ló ń jẹ, ibi tí ọwọ́ bá pẹ́ sí ló ń gbẹ́. Alumíníọ́mù tọ́ọ̀pù sìlíńdà sì rọ̀. Ẹni tó bá rí i pé ojú kan ò tíì dán tó, tó tún padà síbẹ̀, kòtò ló ń gbẹ́, ojú tó ń wò ó yóò sì máa sọ fún un pé iṣẹ́ ń lọ dáadáa. Mo rántí ojú tó ń wò ó lọ́jọ́ náà. Ojú tèmi ni.

Ó kan bulọ́ọ̀kù. Irin ni bulọ́ọ̀kù Camry yìí, díìsìkì ò rí i jẹ bẹ́ẹ̀. Bàbá gbé rúlà lé e lọ́nà mẹ́fà: ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ní òòró, orí àti ìdí rẹ̀ ní ìbú, lẹ́yìn náà láti igun dé igun lẹ́ẹ̀mejì. Ó tẹ́jú. Mo mí kanlẹ̀. Bàbá wá di ìka mi mú, ó fi èékánná mi fa ẹ̀gbẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ihò omi. Èékánná kọ́ nǹkan. Gásíkẹ́ẹ̀tì àtijọ́ ló ṣì lẹ̀ mọ́ ibẹ̀, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí èèpo àlùbọ́sà. Díìsìkì ti dán òun náà, ojú ò sì lè mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí irin. Nítòsí rẹ̀, ìpẹtà ti jẹ ihò wẹ́wẹ́ sára irin.

"Irú omi wo lẹ ń bù sí radíétọ̀?"

"Píọ̀ wọ́tà ni, Bàbá. Èyí tó wà nínú nylon."

Ọmọ Gbàgyí yẹn rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀.

Wọ́n wé àkísà mọ́ wáyà, wọ́n kì í bọ ihò bólútì. Ẹrẹ̀ ló gbé jáde, ọ́ìlì, omi àti eruku pa pọ̀. Ìyẹn gan-an ló mú kí bàbá mirí. Omi ò ṣe é fún pọ̀. Bí ihò tí kò yọ sí òdìkejì bá ti ní omi nísàlẹ̀, tí ẹ wá ń fún bólútì wọ inú rẹ̀, omi náà yóò wá ọ̀nà, bí kò bá sì rí ọ̀nà, bulọ́ọ̀kù ni yóò là. Bí kò tilẹ̀ là, sípánà yóò purọ́ fún yín pé bólútì ti mú, nígbà tó jẹ́ pé omi àti ẹrẹ̀ ló ń tì í padà.

Ó kù síbì kan. Wọ́n tú abọ́ ọ́ìlì ìsàlẹ̀, wọ́n sì yọ bíárín, irin tí ọ̀pá ẹ́ńjìnnì ń yí nínú rẹ̀. Ojú rẹ̀ tó yẹ kó jọ̀lọ̀ bí ẹ̀kọ tútù ti ní ilà bí ara ẹni tí ológbò ha. Ìró tí-tí-tí mi nìyẹn. Iyẹ̀fun tí díìsìkì náà ń dà sílẹ̀ ni aluminium oxide, ohun kan náà tí wọ́n fi ń ṣe ọ̀pọ̀ sáńpépà, ó sì le ju bíárín lọ fíìfíì. Ó wọ ihò ọ́ìlì, ọ́ìlì gbé e kiri. General Motors ti kọ̀wé kìlọ̀ fún àwọn oníṣẹ́ wọn lórí ọ̀rọ̀ yìí láti ọjọ́ pípẹ́: iyẹ̀fun náà kúnná débi pé asẹ́ ọ́ìlì ò lè mú un. Ẹ jẹ́ ká mọ̀ pé kì í ṣe Kubwa nìkan ni wọ́n ti ń fi díìsìkì fọjú ẹ́ńjìnnì.

Ibẹ̀ ni bàbá ti bi mí ní ìbéèrè rẹ̀.

## Ojú tí ẹnikẹ́ni ò ní í rí

Mo padà lọ lọ́jọ́ kejì, mo tún lọ lọ́jọ́ kẹta. Mo sọ fún ara mi pé mò ń ṣọ́ mọ́tò mi ni, ṣùgbọ́n òdodo ibẹ̀ ni pé mo fẹ́ wo iṣẹ́ tó gba gbogbo àkókò yẹn.

Tọ́ọ̀pù sìlíńdà ṣe é gbé. Wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ kí wọ́n fi máṣíìnì fèésì rẹ̀, ìyẹn ni pé kí wọ́n bó ojú rẹ̀ díẹ̀ títí yóò fi tẹ́jú. Bulọ́ọ̀kù ni kò ṣe é gbé. Inú mọ́tò ló wà, ẹni tó bá fẹ́ gbé e jáde yóò tú ìdajì mọ́tò sílẹ̀. Nítorí náà, ọwọ́ lásán ni wọ́n fi ń tún ojú bulọ́ọ̀kù ṣe níbi tó wà, pẹ̀lú ẹnu ihò mẹ́rin tó ṣí sílẹ̀ gbàgà. Ẹ ò rí i pé ibẹ̀ gan-an ni dírílì ti máa ń wu èèyàn.

Bàbá yí ẹ́ńjìnnì títí písítìn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fi sọ̀kalẹ̀ dé agbede-méjì. Ó ki àkísà tó mọ́ bọ ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó fi téèpù lẹ gbogbo ihò ọ́ìlì àti ti omi pa. Ó fín nǹkan kan sára gásíkẹ́ẹ̀tì àtijọ́ kó lè rọ̀, ó wá jókòó. Ó jókòó! Ogún ìṣẹ́jú, bàbá ń jẹ gúgúrú. Lẹ́yìn náà, ó mú abẹ, ó tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sùn lé irin, ó ń ti gásíkẹ́ẹ̀tì síwájú díẹ̀díẹ̀. Kò gbé igun abẹ dúró rí, nítorí ilà tí igun bá fà láti ihò kan dé èkejì ti di ọ̀nà tí omi yóò gbà. Tó bá jẹ́ pé alumíníọ́mù ni, ó ní idẹ tàbí ike ni òun ì bá lò. Ó fín in, ó dúró, ó ti abẹ, ó nù ún, ó fi èékánná wò ó. Bẹ́ẹ̀ náà ló ń ṣe é lọ. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó sọ fún mi rí pé ẹ̀sọ̀ máa ń súni láti wò tó bẹ́ẹ̀.

Mo bi í léèrè ìdí tí kò fi ṣeé fi gọ́ọ̀mù dí àwọn ibi tí kò bára mu. Ó ní kí n fojú inú wò ó: alumíníọ́mù wà lókè, irin wà nísàlẹ̀, gásíkẹ́ẹ̀tì wà láàárín. Bí wọ́n bá gbóná, alumíníọ́mù ń fẹ̀ tó ìlọ́po méjì irin. Ní gbogbo àárọ̀ ọyẹ́ tí mo bá ṣáná sí mọ́tò tútù, tó sì gbóná títí omi inú rẹ̀ fi dé nǹkan bí àádọ́rùn-ún digírì, òkè ń na ara rẹ̀ ju ìsàlẹ̀ lọ, gásíkẹ́ẹ̀tì ló sì ń gba ìfà náà mọ́ra. Iná tó ń bú nínú sìlíńdà sì lé ní 2,000 digírì. Ojú méjèèjì gbọ́dọ̀ jọ̀lọ̀ kí wọ́n lè máa yọ̀ lórí gásíkẹ́ẹ̀tì láì ya á, wọ́n sì gbọ́dọ̀ tẹ́jú kí bólútì mẹ́wẹ̀ẹ̀wá lè tẹ gbogbo ibẹ̀ bákan náà. Gọ́ọ̀mù kò lè rọ́pò bólútì.

Nígbẹ̀yìn, ó yọ gbogbo àkísà, ó fẹ́ ihò bólútì kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú afẹ́fẹ́ kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀, ó sì fi aṣọ funfun nu ojú bulọ́ọ̀kù. Aṣọ dúdú. Ó mú òmíràn. Ìkẹrin ló jáde ní funfun bó ṣe wọlé. Bàbá ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án mọ́, ó sì wò mí nígbà tó ń sọ ọ́.

Ìyókù yá. Gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun, bólútì tuntun, wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti àárín bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ pẹ̀lú sípánà tó ń díwọ̀n agbára, wọ́n sì fi ìyí ìdámẹ́rin parí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kò tó wákàtí kan tí orí fi bo ojú tí wọ́n fi ọjọ́ méjì tún ṣe. Kò sẹ́ni tí yóò tún rí i mọ́, bó bá ṣe bí a ti fẹ́.

Kí n má gbàgbé: fáànù radíétọ̀ ni kò ṣiṣẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹnì kan sì ti yọ tàmósítáàtì, èyí tó ń darí omi ẹ́ńjìnnì bó bá ṣe gbóná sí, sọnù tipẹ́, ó ní ilẹ̀ wa gbóná, kò wúlò. Èmi àti ọmọkùnrin yẹn ti fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, a ń pa lápálápá.

## Ẹ̀wà bíbó

Kò sí oṣù tí ẹnì kan kì í bá mi jà lórí iye mọ́ínmọ́ín. "Ìyá, ṣebí ẹ̀wà lásán ni." Mo ní èsì kan tí mo ti há sórí: ẹ̀wà ò wọ́n, bíbó ló wọ́n. Ẹ ó rẹ ẹ́, ẹ ó fọwọ́ ra á, ẹ ó da èèpo nù, ẹ ó bu omi mìíràn, ẹ ó tún ra á, títí kò fi ní í ku ojú dúdú kan. Ẹ̀yìn yóò máa dùn yín. Ẹni tó bá fẹ́ yára á lọ̀ ọ́ pẹ̀lú èèpo, á ta epo sí i kó pọ́n, á dì í sínú ewé. Bí ewé bá ti bò ó, ojú ò rí nǹkan kan. Ọ̀fun ló máa mọ̀, tàbí ikùn, lọ́jọ́ kejì.

Mo máa ń sọ èyí pẹ̀lú ìgbéraga. Mo sì wá rántí bí mo ṣe ra gásíkẹ́ẹ̀tì ní oṣù kọkànlá. Ẹni tó ń ta á dá iye lé e, mo ní kó dín in díẹ̀, kò dín in, mo san án. Ọ́ìlì, mo san án. Ìgbà tó kan ohun tí àwọn mẹkáníìkì ń kọ sí ìsàlẹ̀ ìwé, wọ́kìmánṣíìpù, ibẹ̀ ni mo ti sọ orin mi. Ọmọkùnrin yẹn ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgbọ̀n, mo jà á wálẹ̀ sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Mo ní, "Kí lo fẹ́ ṣe níbẹ̀? Ṣebí kí o tú u, kí o dá a padà ni." Gbogbo ohun tó ṣe é dì mọ́ ọwọ́ ni mo sanwó rẹ̀ láìjanpata. Àkókò nìkan ni mo jà lé lórí.

Mo ṣì gbà pé ó ṣàṣìṣe o. Ẹni tó mọ̀ pé díìsìkì yóò gbẹ́ kòtò, tó sì tún lò ó, kò yẹ kó gba gbogbo ìdáríjì. Bàbá kọ̀ fún mi lójú mi, ó tọ́ka ọ̀nà Kubwa sí mi. Ṣùgbọ́n bàbá lè kọ̀. Mọ́tò tí ń dúró dè é kọjá mẹ́jọ lọ́jọ́ tí mo débẹ̀, orí rẹ̀ ti funfun, bí mo bá bínú lọ, ẹlòmíràn yóò wọlé. Ọmọ yẹn ń san owó kọ̀ńténà tó fi ṣe ṣọ́ọ̀bù, ó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Bó bá kọ̀ fún mi, n ó kàn sọdá títì ni, sọ́dọ̀ ẹni tí kò ní í kọ̀. Ohun tí n ó ṣe nìyẹn. Mo mọ ara mi.

## Ohùn mi

Ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, mò ń wá nọ́ńbà ẹni tó ń ta ewé eéran lórí WhatsApp, mo bá já sórí ọ̀rọ̀ tí èmi àti ọmọkùnrin náà jọ sọ. Mo ti gbàgbé pé ó kọ̀wé sí mi. Ó ní òun fẹ́ gbé tọ́ọ̀pù sìlíńdà lọ fún fèésì, òun sì fẹ́ fara balẹ̀ tún ojú bulọ́ọ̀kù ṣe, yóò gba ọjọ́ mẹ́ta. Lábẹ́ rẹ̀ ni ohùn tí mo gbà sílẹ̀ wà. Mo tẹ̀ ẹ́.

"Àbúrò mi, ọjọ́ mẹ́ta báwo? Mo ní òde lọ́la! Ṣáà bá mi fọ ojú ẹ̀ kó mọ́ dáadáa, kí o dé e. Aago mẹ́rin ni n ó wá gbé e o." Mo tún rẹ́rìn-ín sí ìparí rẹ̀.

Mo gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹta. Láàárín oṣù kìíní sí ìgbà náà, mo ti sọ fún odindi àdúgbò pé ọmọ yẹn ò mọ iṣẹ́. Mo mọ èèyàn mẹ́ta, ó kéré tán, tí wọn ò gbé mọ́tò lọ sọ́dọ̀ rẹ̀ mọ́ nítorí ọ̀rọ̀ ẹnu mi.

Lọ́jọ́ Sátidé, mo di mọ́ínmọ́ín mẹ́fà sínú kúlà kékeré, mo lọ síbẹ̀. Bó ti rí mi, ó rò pé ìjà ni mo bá wá. Ó dìde, ó dọ̀bálẹ̀ ààbọ̀, ó ń wo ẹ̀yìn mi bóyá mo kó èèyàn wá. Mo sọ ohun tó wà nínú mi, kò rọrùn. Mo sọ fún un nípa rúlà, nípa tọ́ọ̀ṣì, nípa ìmọ́lẹ̀ tó tín-ín-rín bí òwú. Ó gbọ́ mi títí.

"Màdámù," ó ní, "mo ní rúlà."

Ó wọ inú kọ̀ńténà lọ. Nǹkan kan tí wọ́n fi nylon wé ló gbé jáde: rúlà irin, pẹ̀lú fílà géèjì tí ọ́ìlì tí wọ́n fi pa á kó má dípẹtà ṣì wà lára rẹ̀. Ọ̀gá rẹ̀ ló fi ta á lọ́rẹ lọ́jọ́ tó gba fíríìdọ́ọ̀mù. "Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo tíì lò ó láti ìgbà náà. Mọ́tò tèmi ni."

N ò tíì mọ ohun tí n ó fi dá a lóhùn nígbà tí ohùn ọkùnrin kan jáde lẹ́yìn wa. Honda rẹ̀ wà níbẹ̀, wọ́n ti gbé orí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kúrò, dírílì wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà. Ọkùnrin náà ń wo aago ọwọ́ rẹ̀. "Ọ̀gá mẹkáníìkì, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ò ní í pẹ́ mọ́?"

Ọmọkùnrin náà wò mí, ó wo dírílì. Rúlà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.